Wolfgang Mozart: Ọmọ Ọdún Méje tí ó Ṣe Sònátà

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé bí ojú yín bá ti kan orúkọ tí ó wà lókè yìí, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan ọmọ òyìnbó tí ó ń tẹ dùùrù ní ohun tí ó lé ní 260 ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó bá ti jókòó nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn, tí wọ́n sì ti bi í pé ta ni ó ni ìjálá tí ọmọ kọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, ṣé ọmọ ni àbí ọ̀gá, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ Mozart kò jìnnà sí wa rárá. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ni àwọn ènìyàn ti ń bèèrè bóyá òun ni ó ṣe é lóòótọ́ tàbí bàbá rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n n kò ní pín in dọ́gba. Ìgbà èwe rẹ̀ ni n ó dúró lé jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà wà.

Ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 1756 ni wọ́n bí Wolfgang Amadeus Mozart ní ìlú Salzburg. Ilẹ̀ Ọ́stríà ni Salzburg wà lónìí, ṣùgbọ́n nígbà náà bíṣọ́ọ̀bù àgbà ni ó ń jọba lórí rẹ̀, ó ní ààfin, ó sì ní àwọn olórin ààfin tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Leopold, bàbá Wolfgang. Fáyólìn, èyí tí a lè pè ní gòjé òyìnbó, ni iṣẹ́ Leopold. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n ta nìkan. Ọdún tí wọ́n bí Wolfgang gan-an ni ó tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn ní fáyólìn, ìwé náà sì tàn káàkiri. Anna Maria ni orúkọ ìyá. Ọmọ méje ni ó bí, márùn-ún sì kú ní rírọ̀. Àwọn méjì tí ó ṣẹ́ kù ni Maria Anna tí wọ́n ń pè ní Nannerl, ẹni tí wọ́n bí ní 1751, àti Wolfgang àbígbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni, orúkọ àbíkú ni àwọn méjèèjì ì bá máa jẹ́.

Nannerl ni bàbá kọ́kọ́ kọ́. Ní 1759 ó ṣètò ìwé orin kan fún un, ó ń kọ orin kéékèèké sí i tí ọmọbìnrin náà yóò fi máa kọ́ dùùrù. Dùùrù tí mo ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, hápsíkọ́ọ̀dù ni. Bí a bá ti tẹ ojú rẹ̀, kálámù ìyẹ́ ẹyẹ ni yóò ta okùn wáyà tí ó wà nínú rẹ̀. Àbúrò ń ṣeré nílẹ̀, ó sì ń gbọ́. Kò pẹ́ tí òun náà fi gun orí àga. Leopold a máa kọ ọjọ́ àti wákàtí sí abẹ́ orin tí ọmọ náà bá ti mọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọjọ́ 24, oṣù Kìíní, 1761, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Wolfgang pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó kọ́ orin Wagenseil kan láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Lójú tèmi, bàbá tí ó ń wo aago báyìí ti mọ ohun tí ó ń wá. Inú ìwé ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ni a ti rí orin tí Wolfgang fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹ̀dá. Ọwọ́ bàbá ni ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní oṣù Kìíní 1762 Leopold kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí Munich. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà wọ́n ṣeré fún Ọbabìnrin Maria Theresa ní ààfin Schönbrunn ní Vienna, ọbabìnrin náà sì fún wọn ní aṣọ olówó iyebíye. Àìsàn dá Wolfgang dùbúlẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ bí mélòó kan. Kì í ṣe ìgbà ìkẹyìn nìyí.

Ẹ̀yìn tí wọ́n ti Vienna dé ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí Schachtner, afunkàkàkí ààfin tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé wọn, ròyìn nínú lẹ́tà tí ó kọ sí Nannerl ní 1792, lẹ́yìn ikú Mozart. Ó ní olórin kan tí ń jẹ́ Wenzl mú orin tuntun mẹ́fà wá, orin tí ènìyàn mẹ́ta yóò jọ ta. Wolfgang ti ní fáyólìn kékeré kan, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ. Ó ní òun fẹ́ ta ipa kejì. Bàbá ní rárá, ẹni tí kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ kan kò lè bá àgbà ta á. Ọmọ bú sẹ́kún, ó gbá fáyólìn rẹ̀ mọ́ra, ó fẹ́ máa lọ. Schachtner bá a bẹ bàbá pé kí ó jẹ́ kí ó ta á pẹ̀lú òun. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kí ó rọra ta á kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jáde. Kò pẹ́ tí Schachtner fi rí i pé òun kò wúlò mọ́. Ó rọra gbé fáyólìn tirẹ̀ kalẹ̀, ó wo ojú Leopold, ó sì rí omijé. Báyìí ni ọmọ náà ṣe ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó yẹ kí n sọ pé ó ti tó nǹkan bí 30 ọdún kí Schachtner tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń ròyìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti kú a máa fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Síbẹ̀, omijé Leopold yẹn kò jọ ohun tí ènìyàn lè hùmọ̀.

Láti ìgbà náà ni Leopold kò ti fi ọwọ́ lẹ́rán mọ́. Ó gbà pé iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run ni ọmọ yìí, ó sì mọ̀ pé bí ọmọ bá ti dàgbà, ìyanu tán nìyẹn. Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, 1763, ìyá, bàbá àti ọmọ méjèèjì wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, wọ́n fi Salzburg sílẹ̀. Wọn kò padà dé ilé títí di ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, 1766. Ọmọ ọdún méje ni Wolfgang nígbà tí wọ́n lọ. Ó ti pé mẹ́wàá nígbà tí wọ́n bọ̀.

Ní Brussels, ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 1763, orin kan wọ inú ìwé Nannerl. Dùùrù nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún, ohùn C ni wọ́n gbé e lé. Nígbà tí wọ́n dé Paris ní oṣù Kọkànlá, wọ́n kó orin náà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n fi ipa fáyólìn kún un, ó sì di sònátà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1764 ni wọ́n tẹ sònátà méjì àkọ́kọ́ jáde, tí wọ́n fi ta Victoire, ọmọbìnrin Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, lọ́rẹ. Méjì mìíràn tẹ̀ lé e, tí wọ́n fi ta ìyáàfin ààfin kan, Comtesse de Tessé, lọ́rẹ. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé pé ọmọ ọdún méje ni ó ṣe wọ́n. Ó ti pé mẹ́jọ nígbà tí ìwé jáde, ṣùgbọ́n ìwé náà kò purọ́ púpọ̀, nítorí pé ọmọ ọdún méje ni ó jẹ́ nígbà tí ó ń ṣe wọ́n. Köchel, ẹni tí ó to gbogbo orin Mozart lẹ́sẹẹsẹ ní 1862, fi èkíní nínú wọn sí ipò kẹfà nínú ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà náà ni wọ́n fi ń pè é títí di òní.

Mo ti tẹ́tí sí sònátà kẹfà yìí léraléra. Apá mẹ́rin ni ó ní. Èkíní yára, èkejì rọra ń lọ, ẹ̀kẹta jẹ́ mẹ̀núẹ́ẹ̀tì méjì, irú ijó tí àwọn ará ààfin ń fi ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́ jó, ẹ̀kẹrin sì tún yára ju èkíní lọ. Ọwọ́ òsì dùùrù ń tú ìró ká lẹ́yọ lẹ́yọ láìsinmi, ọwọ́ ọ̀tún sì ń kọrin lórí rẹ̀. Bí a bá fi ojú ìlù dùndún wò ó, dùùrù ni ìyáálù, fáyólìn sì ni omele. Ohun tí wọ́n kọ sí ojú ìwé gan-an fi hàn bẹ́ẹ̀: sònátà dùùrù ni wọ́n pè é, tí a lè ta fáyólìn tẹ̀ lé bí a bá fẹ́. Bí fáyólìn kò bá wá, ọ̀rọ̀ ń lọ. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé orin ńlá ni. Àwọn àgbà tí ń gbé Paris nígbà náà, irú Schobert, ń ṣe ohun tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ, ọmọ náà sì ń wo ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí ọmọ ọdún méje mìíràn tí ó lè di ọ̀rọ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin báyìí tí kò ní sọnù lójú ọ̀nà.

Ó wá ku ìbéèrè wa: ta ni ó ṣe é? Àwọn tí kò gbà gbọ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Inú ìwé tí bàbá ṣètò ni orin náà ti jáde, ọwọ́ bàbá ni ó kọ ọ́, bàbá ni ó mú un lọ fún àwọn tí ó fín in sára bàbà fún ìtẹ̀wé, bàbá ni ó sì ń gba owó. Kí ló tún kù?

Àṣìṣe ni ó kù. Leopold kọ lẹ́tà sílé ní oṣù Kejìlá 1764, ó ń ráhùn pé àwọn tí ó fín ìwé náà kò ṣe gbogbo àtúnṣe tí òun ní kí wọ́n ṣe. Níbi kan ní ìparí ìwé kejì, fáyólìn bá ohùn mìíràn rìn ní ìwọ̀n ìró márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Èèwọ̀ ni èyí lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ orin ayé ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ láti yẹra fún ni. Wolfgang ni ó dá èèwọ̀ náà. Bàbá rí i, ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìyáàgbà Vendôme tí ó fín in fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Inú bí Leopold. Lẹ́yìn náà ni ó wá rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó sì kọ ọ́ pé kò burú, nítorí pé ẹ̀rí nìyẹn pé ọmọ náà ni ó ṣe orin náà fúnra rẹ̀, nǹkan tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò gbà gbọ́.

Ibi tí èmi náà dúró sí nìyí. Leopold tí ó kọ ìwé tí gbogbo Yúróòpù fi ń kọ́ fáyólìn kò ní kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé. Gbogbo ohun tí ó dára nínú sònátà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a lè jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìró mẹ́ta tí kò dára yẹn kò ní oníjà, ti ọmọ ni. Ẹni tí olùkọ́ bá sì ti fi yíǹkì pupa tún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣe rí nínú wa mọ̀ pé yíǹkì pupa kò sọ iṣẹ́ náà di ti olùkọ́.

Wọ́n dé Lọ́ńdọ̀n ní oṣù Kẹrin 1764. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin wọ́n ti ṣeré fún Ọba George Kẹta. Johann Christian Bach tí ó jẹ́ olùkọ́ orin olorì fẹ́ràn ọmọ náà, ọmọ náà sì kọ́ ohun púpọ̀ lára rẹ̀. Sònátà mẹ́fà tuntun jáde ní 1765 fún Olorì Charlotte, olorì sì fún wọn ní gínì 50. Agbẹjọ́rò kan, Daines Barrington, lọ dán ọmọ náà wò. Ó gbé orin tí kò rí rí síwájú rẹ̀, ó ní kí ó hun orin ìfẹ́ àti orin ìbínú lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà ṣe é. Bí ológbò kan ti wọlé, ó fi dùùrù sílẹ̀, ó lé ológbò lọ. Ó pẹ́ kí ó tó padà wá. Nígbà mìíràn yóò fi igi sáàárín ẹsẹ̀, yóò máa sáré káàkiri yàrá bí ẹni gun ẹṣin. Barrington kò sì dúró níbẹ̀: ó ránṣẹ́ sí Salzburg láti mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, kí ó tó ròyìn fún àwọn onímọ̀ Royal Society. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo wa ń ṣe ìwádìí báyìí!

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó ìwọlé ṣe ń já wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ṣílè 10 àti sísì ni ẹni kan ń san láti gbọ́ àwọn ọmọ náà. Nígbà tí ó yá, ó di ṣílè 5. Ní oṣù Keje 1765, ilé ọtí kan ní Cornhill ni wọ́n wà, ojoojúmọ́ láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta, ṣílè 2 àti sísì. Wọn a da aṣọ bo ojú dùùrù kí àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́ láìrí i, gẹ́gẹ́ bí onídán ti í ṣe. Ìwé ìpolówó a sì dín ọdún kan kúrò lára ọjọ́ orí wọn. Ọmọ tí ó jókòó pẹ̀lú olorì ní ọdún tí ó kọjá nìyẹn. N kò lè dárí ji Leopold lórí ilé ọtí yìí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣàìsàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí owó sì ti ń tán.

Ní Họ́lándì, ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ kó àwọn méjèèjì lọ. Ibà kọlu Nannerl ní 1765 títí tí àlùfáà fi ṣe ààtò ìkẹyìn fún un. Bí ó ti ń dìde ni Wolfgang ṣubú lulẹ̀, ó rù kan egungun. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ yá tí ó fi ṣe sònátà mẹ́fà mìíràn fún Ọmọba Caroline ní ìbẹ̀rẹ̀ 1766. Gbogbo sònátà ìgbà èwe yìí jẹ́ 16. Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n délé ni olóde tún mú wọn.

Ibí ni ọ̀nà Nannerl àti àbúrò rẹ̀ ti yà. Ní oṣù Kejìlá 1769, bàbá mú Wolfgang lọ sí Ítálì, Nannerl àti ìyá sì jókòó sílé. Ó ti pé ọmọ ọdún 18, ó ti tó gbé níyàwó, àwọn ènìyàn kò sì ka ọmọbìnrin tí ó ń ṣeré kiri sí ọmọ gidi. A mọ̀ pé òun náà ń ṣẹ̀dá orin, nítorí pé Wolfgang yìn ín nínú lẹ́tà kan ní 1770 fún orin tí ó ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kù lónìí. Gbogbo ènìyàn ń jà lórí bóyá bàbá ni ó kọ orin àbúrò. Ẹnikẹ́ni kò rí orin ẹ̀gbọ́n fi jà.

Ìyókù ìtàn Wolfgang, àwọn ìwé ti sọ ọ́ tán, n ó sì sáré kọjá níbẹ̀. Ó dàgbà, ìyanu sì tán lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí bàbá ti rò. Ó lọ wá iṣẹ́ sí Paris ní 1778 pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ kò jọ iṣẹ́, ìyá sì kú sí i lọ́wọ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Keje. Ọdún yẹn ni ó ṣe sònátà fáyólìn àti dùùrù ní ohùn E kékeré. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ti ọmọ ọdún méje yóò mọ̀ pé omele ti di ẹni tí ń bá ìyáálù sọ̀rọ̀ lójú kojú. Ní 1781 ó bá bíṣọ́ọ̀bù àgbà jà, wọ́n fi ìpá lé e jáde kúrò níṣẹ́, ó sì dúró sí Vienna. Ó fẹ́ Constanze Weber ní 1782. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, méjì ni ó yè.

Ohun kan tún wà tí n kò lè fò. Ní oṣù Kẹrin 1784, Regina Strinasacchi, obìnrin ará Ítálì tí ó mọ fáyólìn ta, wá sí Vienna. Mozart ṣèlérí sònátà fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ipa ti obìnrin náà ni ó rí kọ tán. Ní ọjọ́ eré, níwájú Ọba-ńlá Joseph Kejì, ó jókòó sídìí dùùrù pẹ̀lú ìwé tí ipa tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ láti orí. Ìwé náà ṣì wà, ó wà ní Stockholm: yíǹkì ipa fáyólìn yàtọ̀ sí ti dùùrù tí ó padà fún sí i lẹ́yìn náà. Ẹni tí a ń bèèrè pé ṣé òun ni ó ń ṣe orin rẹ̀ nígbà èwe nìyẹn.

Ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, 1791 ni ó kú ní Vienna, ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 36. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n jù ú sí kòtò bí aláìlẹ́nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òfin ìlú ti ní kí wọ́n máa sin ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni wọ́n ṣe sin ín, ní itẹ́ òkú St. Marx, láìsí òkúta lórí rẹ̀.

Nannerl pẹ́ láyé jù ú lọ fún nǹkan bí ọdún 38. Ó ti fẹ́ adájọ́ kan ní 1784, ọkùnrin opó tí ó ti ní ọmọ márùn-ún nílé. Nígbà tí ọkọ kú ní 1801, ó padà sí Salzburg, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní dùùrù. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí ó yá. Ní 1829, Vincent Novello àti ìyàwó rẹ̀ Mary rìn láti Lọ́ńdọ̀n wá kí i, wọ́n mú owó tí àwọn olólùfẹ́ orin dá jọ fún un wá. Orí ibùsùn ni wọ́n bá a, kò ríran, agbára káká ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú St. Peter. Ìwé orin tí bàbá ṣètò fún un ní 1759 wà ní Salzburg títí di òní, ó ti já, àwọn kan sì ti fa ojú ewé díẹ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé orin Wolfgang wà níbẹ̀.